Kí Ẹ Tó Tan Ẹ̀rọ EEG: Ohun Tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọpọlọ Kọ́ Mi

Ohun tó bá bàjẹ́ lábẹ́ fìlà EEG, ẹ̀rọ tó ń ka iná ọpọlọ láti orí awọ orí, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń múra láti lọ ka ìmọ̀ ọpọlọ àti sáíkọ́lọ́jì fún oyè másításì tàbí oyè ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìṣirò ni gbogbo iṣẹ́ yìí, pé ẹni tó bá ti mọ kọ́ọ̀dù kọ ti débẹ̀. Kọ́ọ̀dù ṣe pàtàkì lóòótọ́. Àmọ́ nínú àwọn iṣẹ́ tí mo ti rí tó dojú dé, ibi mẹ́ta ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: orí olùkópa, aago inú kọ̀ǹpútà, àti ìpinnu tó yẹ ká ti ṣe kí àbájáde tó jáde, tí a kò ṣe.

Iná tí EEG ń wò kéré gan-an. Hans Berger ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lórí ènìyàn, ní ìlú Jena ní Jámánì, ní 1924; ó di 1929 kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tó ń dé awọ orí jẹ́ nǹkan bíi máíkróvóòltì 10 sí 100. Ìdáhùn ọpọlọ sí ọ̀rọ̀ kan tàbí ìró kan tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, máíkróvóòltì mélòó kan péré, nígbà tí ẹni tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lè mú kí ìlà fò kọjá 100. Nítorí náà la ṣe ń ṣe ohun kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, ká tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ká sì pín in dọ́gba. Ariwo máa ń dínkù bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n: kí ariwo tó lè dín sí ìdajì, ẹ ní láti ṣe é ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ṣe ìgbìyànjú 40 ní láti dé 160.

Ẹ jẹ́ ká mú N400 ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ìdáhùn ọpọlọ sí ọ̀rọ̀ tí kò bá gbólóhùn mu, èyí tí Marta Kutas àti Steven Hillyard ròyìn rẹ̀ ní 1980. Bí ẹnìkan bá ka “Ìyá fi epo se aago”, ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 400 lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ bá kan “aago”, ìlà EEG máa ń rọ̀ sí apá òdì ju bó ṣe máa ń rọ̀ lórí “ẹ̀wà” lọ. Fún irú iṣẹ́ yìí, mo máa ń ṣètò gbólóhùn 40 fún ìpín kọ̀ọ̀kan, kí 30 ó kéré tán lè ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tí ojú ṣíṣẹ́ àti ìmìrí bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣètò 20 kí ìdánwò má bàa pẹ́, 12 ló máa kù fún un, àwòrán rẹ̀ yóò sì máa jó bí ewé nínú ìjì.

Ibi tí mo fẹ́ pẹ́ lé jù ni irun, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ máa ń fò ó kọjá. Electrode, ìyẹn irin kékeré inú fìlà tó ń gba iná láti orí, gbọ́dọ̀ kan awọ orí, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì láàárín wọn láìsí atẹ́gùn. Irun tó nípọn tó sì ká kò máa ń gbé fìlà sókè bí ìgbà tí ènìyàn jókòó lórí tìmùtìmù. Jẹ́ẹ̀lì á dúró lórí irun, kò ní dé awọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ń ṣe ni pé wọ́n á kàn yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò dára. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, ìmọ̀ tí a ń pè ní ìmọ̀ ọpọlọ ènìyàn á wá di ìmọ̀ ọpọlọ àwọn onírun wẹ́rẹ́. Ó dùn mí gan-an, ó sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí EEG ti ṣe pàtàkì tó nínú ìtọ́jú wárápá. Ní 2020, Arnelle Etienne àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Carnegie Mellon, ní Pittsburgh, tẹ ìròyìn kan jáde: wọ́n di irun ní ìlà-ìlà kí awọ orí lè hàn níbi tí electrode yóò wà, wọ́n sì ṣe ohun tí yóò fi ara há abẹ́ irun dídì náà. Ẹni tó bá dàgbà lẹ́bàá onídìrí mọ̀ pé ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ṣáájú ni mo ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkópa: kó fọ irun, kó má fi òróró tàbí ìpara sí i lẹ́yìn náà, kó má di àtàṣímẹ́ǹtì mọ́ ọn, kó má sì wọ wíìgì tí a rán mọ́ orí. Bí ó bá máa di irun, kó di kòlẹ́sẹ̀. Ìdí ni pé ìlà kòlẹ́sẹ̀ ń lọ láti iwájú orí dé ìpàkọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni electrode ṣe tò: Fz, Cz àti Pz láàárín, F3, C3 àti P3 lápá òsì, F4, C4 àti P4 lápá ọ̀tún. Bí onídìrí bá la ojú ọ̀nà kan gba àárín orí gangan, tó tún la òmíràn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí ẹ̀gbẹ́ òsì àti ọ̀tún, electrode tó ṣe kókó jù á bọ́ sórí awọ tààrà. Ṣùkú ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má di. Gbogbo irun kó jọ sí àtàrí, ó sì ń gbé Cz àti Pz sókè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni N400 àti P300 (ìdáhùn ọpọlọ sí ohun tí kì í wáyé lọ́pọ̀ ìgbà) ti máa ń hàn jù. Pàtẹ́wọ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀: níbi tí irun méjèèjì ti pàdé láàárín orí, òkìtì wà níbẹ̀, ìlà àárín gbogbo á sì bàjẹ́. Ẹ san owó onídìrí fún olùkópa látinú owó ìwádìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń gbé lọ fún ìgbìmọ̀ ìlànà ẹ̀tọ́. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó fi orí rẹ̀ yọ̀ǹda fún wa yóò fi tún fi owó ara rẹ̀ dírí.

Ní ọjọ́ náà, ẹ wọn orí kí ẹ tó fọwọ́ kan fìlà. Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé láti mọ àyè electrode ni 10-20, tí Herbert Jasper tẹ̀ jáde ní 1958. Ẹ fi téèpù wọn láti kòtò tó wà lókè ìmú, láàárín ojú méjèèjì, gba àtàrí lọ sí egungun tó yọ ní ìpàkọ́. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, Cz wà ní 18, Fpz, tó wà ní iwájú orí, sì wà ní 3.6 sókè ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wọn láti iwájú etí kan dé iwájú etí kejì. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gé ara wọn ni Cz gan-an. Ẹ fi pẹ́ẹ́nì tó ṣeé fọ̀ sàmì síbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, bí ẹ bá ń wọn orí yípo láti mọ̀ bóyá fìlà 54, 56 tàbí 58 ni ẹ máa mú, irun tó nípọn á fi kún ìwọ̀n náà. Fìlà á wá tóbi jù fún iwájú orí, kó sì fún jù ní òkè. Nínú irú èyí, ẹ mú ìwọ̀n tó bá iwájú orí mu, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì àyà fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ilẹ̀ àti atọ́nà, ìyẹn ground àti reference, electrode méjì tí ẹ̀rọ fi ń díwọ̀n gbogbo yòókù, ni ẹ kọ́kọ́ máa fi jẹ́ẹ̀lì sí. Tí méjèèjì kò bá dára, gbogbo yòókù á dà bíi pé wọ́n bàjẹ́, ẹ ó sì fi wákàtí kan ṣòfò lórí electrode tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi ṣóńṣó òòyà ya irun sọ́tọ̀ nínú ihò fìlà, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí kò mú rọ́ awọ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi jẹ́ẹ̀lì sí i látìsàlẹ̀ wá sókè. Impedance, ìyẹn bí awọ ṣe ń dí iná lọ́nà, kó wà lábẹ́ kílò-óòmù 10. Ẹ̀rọ tó ní electrode oníná, ìyẹn èyí tó ń sọ àmì di ńlá fúnra rẹ̀, lè fara da nǹkan bíi 25. Bí ó bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, ẹ má kàn máa da jẹ́ẹ̀lì lé e. Jẹ́ẹ̀lì tó bá pọ̀ á ṣàn pàdé ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, electrode méjì á wá di ọ̀kan. Ìlà méjì tó bá jọra bí ìbejì lójú kọ̀ǹpútà, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe fún un lọ́jọ́ náà.

Fún electrode 64, ènìyàn méjì lè parí láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 45. Fún irun tó nípọn, ẹ fi 60 sí 90 sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún olùkópa ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kánjú nítorí pé ẹlòmíràn ń dúró lóde ni yóò gba impedance 40 wọlé, tí yóò sì máa tan ara rẹ̀ pé asẹ́ inú kọ̀ǹpútà, ìyẹn filter, yóò yanjú rẹ̀.

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí olùkópa pa ojú dé fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ìgbì alpha, tó ń lọ ní ìgbà 8 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbọ́dọ̀ hàn lẹ́yìn orí, ní O1 àti O2. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ní in. Bí kò bá hàn rárá, ẹ yẹ ground wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ tún ní kó ṣẹ́jú, kó sì di eyín pọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ rí i lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti rí ohun tí eyín dídì ń ṣe sí ìlà máa ń tú ẹnu sílẹ̀ fún yín láìsí pé ẹ ń bẹ̀ ẹ́.

Ní ti iná ìjọba, ní Nàìjíríà àti Bìrìtìkó, ariwo rẹ̀ wà ní 50 Hz, ìyẹn ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà àti Brazil, 60. Ẹni tó bá gba kọ́ọ̀dù láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn máa ń gbàgbé láti yí nọ́ńbà yìí padà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lóde, ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́: ẹ̀rọ EEG àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí ẹ yọ okùn ṣájà méjèèjì. Yàrá kó tutù níwọ̀nba, nítorí òógùn máa ń mú kí ìlà máa fì lọ fì bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Fóònù gbogbo kó wà lóde, títí kan tiyín.

Aago wá kàn. Ojú kọ̀ǹpútà tó ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, mílísẹ́kọ́ńdì 16.67 ni ìyàwòrán rẹ̀ kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú PsychoPy, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìdánwò, pé kí ọ̀rọ̀ hàn fún mílísẹ́kọ́ńdì 40, kò lè ṣe é: 33 tàbí 50 ni ẹ máa rí. Ẹ máa ka iye ìyàwòrán, ẹ má ka mílísẹ́kọ́ńdì. Àmì tí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ EEG, tí a ń pè ní trigger, gbọ́dọ̀ jáde ní ìyàwòrán kan náà tí ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí èyí. Ẹ lẹ photodiode, ohun kékeré tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, mọ́ igun ojú kọ̀ǹpútà, ẹ ya àpótí funfun kékeré síbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jáde, kí ẹ sì fi 200 ìgbìyànjú wo àlàfo tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ àti trigger. Bí àlàfo náà bá jẹ́ 20 ní gbogbo ìgbà, ẹ lè yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn. Bí ó bá ń yí láti 5 sí 60, kò sí ohun tí ẹ lè yọ. Ní ti ìró, ẹ má lo agbọ́rọ̀sọ Bluetooth láéláé. Ìdádúró rẹ̀ pọ̀, kì í sì í dúró sójú kan.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣe ìwádìí, ẹ ṣọ́ra lórí ohun méjì tí olùdarí yín ní òkè òkun lè má mọ̀. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà. “Ẹ́” kò ní kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà: “ẹ” ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó gun un lórí. Kọ̀ǹpútà á kà á sí lẹ́tà méjì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣètò kí gígùn ọ̀rọ̀ bára mu láàárín ìpín méjì, iye tí kọ̀ǹpútà sọ á jẹ́ irọ́ fún ọ̀rọ̀ tó ní àmì. Ìdáhùn tí olùkópa tẹ̀ pẹ̀lú lè jọ èyí tó wà nínú fáìlì lójú, kí kọ̀ǹpútà sọ pé kò jọra. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí NFC, ọ̀nà kan náà tí Unicode ń gbà to lẹ́tà àti àmì rẹ̀, kí ẹ tó fi wọ́n wé ara wọn, kí ẹ sì dán fọ́ńtì wò lórí kọ̀ǹpútà yàrá ìwádìí gan-an, nítorí ibẹ̀ ni àmì máa ń di àpótí òfìfo. Ẹ má ṣe yọ àmì ohùn kúrò kí ó lè rọrùn: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú òǹkàwé, ẹ ò sì ní mọ èyí tí ọpọlọ rẹ̀ ń dá lóhùn.

Ìkejì ni ohùn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo MMN, ìyẹn ìdáhùn ọpọlọ sí ìró tó yàtọ̀ láàárín èyí tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, níbi tí ìró kan ń wáyé ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún tí òmíràn sì ń já lù ú ní ìdá 15, “ọkọ́” àti “ọkọ̀” kò tíì yàtọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ kò lè mọ ìyàtọ̀ kí sílébù kejì tó dé. Ibi tí ohùn méjèèjì ti pínyà ni kí ẹ fi trigger sí. Ẹni tó bá fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ á rò pé ọpọlọ àwọn ọmọ Yorùbá lọ́ra, bẹ́ẹ̀ òun ló ka aago ṣáájú àkókò.

Ìpinnu tó kù, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó: electrode tí ẹ máa wò, àkókò tí ẹ máa wò (fún N400, 300 sí 500), iye ènìyàn, àti ohun tí yóò mú kí ẹ yọ ẹnìkan kúrò. Ẹ fi í sí OSF, ibi tí a ń tọ́jú ètò ìwádìí sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú déètì. Ní 2015, àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì tún ìwádìí 100 ṣe, nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló tún fi àbájáde tó dúró hàn. Ìdí kan pàtàkì ni iye ènìyàn tó kéré. Bí ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá bá jẹ́ ìdajì ìwọ̀n ìtúká (standard deviation), tí ẹnìkan náà sì ń ṣe ìpín méjèèjì, ẹ nílò ènìyàn 34 kí ẹ tó ní àǹfààní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún láti rí i. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, 64 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìyàtọ̀ bá wá kéré tó 0.3, 34 yẹn á di 90. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó tọrọ owó, torí pé owó ọkọ̀ àti owó onídìrí ènìyàn 90 kì í ṣe kékeré.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìtúpalẹ̀, asẹ́ 0.1 sí 30 Hz ló bá N400 mu. Bí ẹ bá gbé 0.1 yẹn sókè sí 1 kí ìlà lè tẹ́, ẹ máa gé N400 fúnra rẹ̀, ẹ sì lè dá òkè èké sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àmọ́ ICA, ìyẹn ìṣirò tó ń ya ojú ṣíṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbì ọpọlọ, fẹ́ràn 1 Hz. Ojútùú rẹ̀ ni ẹ̀dà méjì: ẹ fi 1 Hz sẹ́ ẹ̀dà kan, ẹ ṣe ICA lórí rẹ̀, kí ẹ wá gbé ìwọ̀n tó jáde padà sórí ẹ̀dà 0.1. ICA tún nílò oúnjẹ tó pọ̀: electrode 64 ní ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 4,096, ẹ fi 30 lé e ní ìlọ́po, ó di 122,880, bí ẹ̀rọ bá ń kà ní ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀ nìyẹn, ó kéré tán. Electrode tó bàjẹ́, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ṣe ICA, ẹ fi àwọn aládùúgbò rẹ̀ dí àyè rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dí i, ICA á máa ka ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí gbígba àyè ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, PhD sábà máa ń gba ọdún márùn-ún ó kéré tán, wọ́n sì máa ń san owó oṣù fún yín. Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ń tì, 15 oṣù Kẹrin sì ni ọjọ́ ìdáhùn. Ní Bìrìtìkó, MSc jẹ́ ọdún kan, PhD mẹ́ta tàbí mẹ́rin, owó sì ni ẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lépa transcript yín ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ tún bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ olùdarí náà sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè: ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni ẹ ń rí i? Ta ló ń sanwó fún olùkópa? Ta ló kọ́ yín bí a ṣe ń dé fìlà? Bí ìdáhùn ìbéèrè kẹta bá jẹ́ “a kọ́ ara wa ni”, ẹ ronú dáadáa.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì sí ibi mẹ́ta kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ irun fún olùkópa, táwẹ́lì méjì, òòyà eléyín gbọọrọ, ìpara irun tí ẹ ní kó má fi sí i láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, dígí, àti ìdúró díẹ̀ kí irun rẹ̀ tó gbẹ. Bí ẹ bá ti sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ fọ fìlà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí jẹ́ẹ̀lì tó gbẹ sínú ihò rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín rírọ̀ yọ ìyókù, ẹ má jẹ́ kí omi kan ẹnu okùn tó ń wọ ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi í kọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ títí di àárọ̀.